Ìlà Kan Tí Mo Fi Sọ́rùn Tún-un-wò

Kẹ́-kẹ́-kẹ́-kẹ́, fàà! Bí ẹ̀rọ kékeré tó ń tẹ ìwé pélébé ṣe ń dún nìyẹn, nínú yàrá tí a ti ń dán iṣẹ́ wò ní ibi iṣẹ́ mi àtijọ́. Ó ti tó ọdún mẹ́rìnlélógún tí mo gbọ́ ọ kẹ́yìn. Òkun ló wà láàárín èmi àti ibẹ̀ báyìí, síbẹ̀ etí mi kò jẹ́ kó lọ. Mo ti darúgbó. Dókítà ní ó ti rẹ ọkàn mi. Kò mọ ẹrù tí mo ti ń fi ọkàn náà gbé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ nígbà tí ahọ́n ṣì ń yí lẹ́nu mi: obìnrin tí gbogbo wa lé kúrò níbi iṣẹ́ yẹn kò ṣe ohun tí a ní ó ṣe. Èmi ni mo ṣe é.

Kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, tí àwọn ilé ìwòsàn fi ń tẹ ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìgò oògùn là ń kọ: orúkọ aláìsàn, ìwọ̀n tí yóò lò, ìgbà mélòó lóòjọ́. Àwa mẹ́jọ la wà nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri. Gbogbo kóòdù wa wà nínú ilé ìpamọ́ kan lórí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá tún nǹkan ṣe, ibẹ̀ ló máa kó o sí, ilé ìpamọ́ á sì kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tó ṣe é sílẹ̀. Bó bá wá tó àkókò láti fi iṣẹ́ ránṣẹ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ kó èyí tó tuntun jù jáde níbẹ̀ kó tó tò ó pọ̀. Àwọn èèyàn sì ń gbàgbé; wọ́n á to ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n á fi ránṣẹ́. Èmi ni mo wá kọ́ irinṣẹ́ tó ń to kóòdù pọ̀ láti máa lọ kó o jáde fúnra rẹ̀ láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó dé. Alágbàṣe la sọ ọ́. Ọ̀gá wa gbá mi léjìká, ó ní, “Ìwọ yìí, o gba ìyà kúrò lọ́rùn wa. Alágbàṣe kì í gbàgbé, kì í purọ́, kì í sì í bèèrè ìsinmi!” Inú mi dùn débi pé mo lọ ra bàtà tuntun.

Obìnrin kan wà láàárín wa tí a ń pè ní Tún-un-wò, torí kò sí iṣẹ́ tí kì í tún wò kó tó gbà pé ó parí. Mo jù ú lọ, ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí. Òun ló rí i pé bí ìwọ̀n oògùn ọmọdé bá jẹ́ kan àbọ̀ (1.5), mẹ́ẹ̀ẹ́dógún (15) ló ń jáde lórí ìwé wa. Ó tún un ṣe, ó kó o sílé ìpamọ́, ó wá bá mi tẹ̀rín-tẹ̀rín: “Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí ẹ̀yìn rẹ̀.” Ilẹ̀ mọ́, a tẹ ìwé wò. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Bí ìfura ṣe wọ yàrá wa nìyẹn. Géńdé tó ń yẹ iṣẹ́ wò fún wa bi í pé, “Ṣé ọwọ́ lo fi tún un ṣe àbí ẹnu?” Ó ní, “Bọ̀dá, bó bá jẹ́ ẹnu ni, tiyín ì bá ti tún gbogbo ayé ṣe.” A rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dénú. Ẹni tó máa ń fi báàgì sórí àga bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e lọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bí o bá kọjá lẹ́yìn ẹnì kan, á fọwọ́ bo ojú kọ̀ǹpútà. Tún-un-wò fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó rọhùn sílẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Ẹnì kan ń yọ iṣẹ́ mi. Lórí kọ̀ǹpútà mi, ó pé. Nílé ìpamọ́, ó pé. Bó bá kọjá ibẹ̀, ó ti di ti àtijọ́. Ta lẹ fura sí?” Mo ní, “Ṣáà máa ṣọ́ra.” Ìmọ̀ràn àgbà!

Ọ̀rọ̀ náà “bó bá kọjá ibẹ̀” kò kúrò létí mi. Mo ṣí fáìlì Alágbàṣe. Ìlà kan wà níbẹ̀ tí èmi fúnra mi kọ: pé kó mú apá ìwọ̀n oògùn wá bó ṣe rí ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù tó kọjá. Ìgbà tí àwọn àlejò fẹ́ wá wo iṣẹ́ wa ni mo kọ ọ́, kí nǹkan kan má bàa yí padà lójú wọn. Àwọn àlejò lọ, mo gbàgbé ìlà náà síbẹ̀. Ká ní mo pariwo lọ́jọ́ yẹn, yẹ̀yẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ni wọn ì bá fi mí ṣe. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá ti fẹ́ yan olórí fún wa, orúkọ mi ló sì wà lẹ́nu rẹ̀. Mo pa fáìlì náà dé. Mo ní tó bá di ọ̀la, màá yọ ọ́ ní kọ́lọ́fín.

Ọ̀la ọ̀hún ni ilé ìwòsàn kan pè. Nọ́ọ̀sì ti da oògùn sínú ife kó tó rí i pé ìwọ̀n náà kò bójú mu. Ọmọ náà kò mu ún, ọpẹ́ ni. Ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní: “Kí oòrùn tó kan àtàrí, mo fẹ́ mọ ẹni tó fẹ́ bá mi pa ọmọ ọlọ́mọ.” Ó ń pè wá wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan Tún-un-wò, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà mi. Gbogbo kóòdù wa ló wà nílé ìpamọ́, àfi fáìlì Alágbàṣe nìkan. A kò rántí fi í síbẹ̀ rí. Ilé ìpamọ́ wa ayé ìgbà yẹn kì í sì í yẹ èèyàn wò. Orúkọ tí o bá tẹ̀ ló máa gbà gbọ́. Mo kó fáìlì náà síbẹ̀ tòun ti ìlà yẹn. Níbi tó ti bèèrè orúkọ, mo tẹ orúkọ Tún-un-wò. Mo tún fa ọjọ́ sẹ́yìn, kó lè dà bíi pé ó ti pẹ́ níbẹ̀. N kò ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù títí dòní. Lẹ́yìn náà ni mo pariwo pé, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan.”

Wọ́n pagbo yí kọ̀ǹpútà mi ká, wọ́n rí ìlà náà àti orúkọ Tún-un-wò lórí rẹ̀. Géńdé aláyẹ̀wò ní, “Àṣé! Ó fẹ́ ká rí i pé òun nìkan ló mọṣẹ́ ni.” Ìfura ló bá mi wá ìdí tí èmi fúnra mi kò rí. Tún-un-wò wojú mi: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi sọ fún wọn. Ẹ̀yin lẹ ṣe Alágbàṣe. Ẹ mọ̀ pé n kì í fọwọ́ kàn án.” Gbogbo wọn kọjú sí mi. Mo ní, “Ohun tó wà lákọsílẹ̀ ni mo mọ̀.” Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun tún un wò. Ọ̀gá ní, “O ti wò ó tó.” Ó kó ife àti súwẹ́tà rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó lọ. Wọ́n fi mí ṣe olórí lóṣù kejì. Kò ríṣẹ́ kóòdù ṣe mọ́ níbikíbi. Ọ̀rọ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé gbogbo ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní ẹni tó su ló ń gbàgbé. Irọ́ ni. Èmi tí mo su kò gbàgbé.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n kó gbogbo àwa tá a jọ ṣiṣẹ́ nígbà yẹn jọ sínú ẹgbẹ́ ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ kan lórí fóònù. Tún-un-wò náà wà níbẹ̀. Kò tíì kí ẹnikẹ́ni tí Aláyẹ̀wò fi kọ ọ́ pé, “Ẹ tọ́jú fóònù yín o, ìyá abàṣẹ́jẹ́ ti dé!” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó fèsì pé, “Mo kí gbogbo yín. Ẹ jọ̀ọ́, mo ti níyàwó ọmọ. Ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́.” Mo kọ́kọ́ fẹ́ bẹ̀ ẹ́ ní kọ̀rọ̀. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ojú gbogbo ayé ni mo ti bà á jẹ́. Ẹ̀bẹ̀ kọ̀rọ̀ á tún jẹ́ olè jíjà míì. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń ṣiṣẹ́, bí àṣìṣe yín bá ṣì kéré, ẹ tètè jẹ́wọ́ rẹ̀. Tó bá dàgbà tán, orí ẹlòmíì ló máa wá bù jẹ. Ohun tí mo padà fi ránṣẹ́ síwájú gbogbo wọn nìyí:

“Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, èmi ni mo kọ ìlà tó ń mú kóòdù àtijọ́ wá. Èmi ni mo fi orúkọ Tún-un-wò sí i, tí mo sì pè yín wá wò ó. Gbogbo àtúnṣe rẹ̀ ló pé. Mo ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Ọ̀gá náà. Àbúrò mi, mo tọrọ àforíjì, n kò sì ní kí o fún mi lónìí, bóyá láéláé. Ẹ̀yin yòókù, mo mọ̀ pé ẹ máa bínú sí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ ná, kí ẹ tó wá bú mi.”