Ewé Tí Ráfátù Tẹ́ Sójú Títì

Ẹ̀yin mùsùlùmí òdodo, ọ̀rọ̀ tòní kò gùn: ẹni tó bá fẹ́ yọ èèyàn nínú ewu ọ̀nà, kó kọ́kọ́ dènà ewu tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ànábì wa ní mímú ìnira kúrò lọ́nà wà lára ìgbàgbọ́. Àbí ẹ ò gbọ́ ọ rí?

Ráfátù ń roko lẹ́bàá ọ̀nà Ìwó lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ló bá gbọ́ gbàgà. Ó sáré dé kọ́nà. Mọ́tò tó ń kó àwọn ọmọ iléèwé bọ̀ ti dojú dé láàárín títì. Sìdíkátù, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wà nínú ẹ̀.

"Màámi," ọmọ náà ké látinú mọ́tò.

Ẹ̀yin ìyá, kí lẹ máa ṣe? Ẹ máa sáré lọ bá a, àbí? Ọkàn Ráfátù náà ti sáré débẹ̀. Ṣùgbọ́n igbó ti bo kọ́nà yẹn; ọkọ̀ tó bá ń bọ̀ kò ní í rí wọn títí yóò fi gorí wọn.

Ó fi oríkì pe ọmọ rẹ̀: "Àṣàkẹ́ mi, mò ń bọ̀. Má mira rárá."

Ló bá padà sẹ́yìn kọ́nà, ó ń fi àdá gé ẹ̀ka igi, ó ń tẹ́ ẹ sójú títì, omijé ń bọ́ sórí ewé.

Ọkùnrin kan tó ń sáré kọjá bú u: "Irú ìyá wo rèé? Ọmọ ń ké, ó ń ṣa ewé. Ewúrẹ́ ló fẹ́ bọ́ ni?"

Bàbá Sùmọ́nù ló tún dé. Ẹ mọ irú wọn: òkúta wẹ́wẹ́ kò gbọdọ̀ wà lọ́nà, wọ́n á ṣà á nítorí láádá. Bí wọ́n ti rí ewé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó o dà sígbó.

"Ànábì ní ká mú ìnira kúrò lọ́nà, ìwọ ń kó o sí i?"

Ráfátù di ọwọ́ wọn mú. "Bàbá, ìnira ń bọ̀ lẹ́yìn. Ewé yìí ni yóò dá a dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ẹ̀ka yìí, ẹ dúró sínú koríko, kí ẹ máa fì í."

Bàbá wo ojú rẹ̀, wọ́n gba ẹ̀ka.

Ìgbà yẹn ló tó sáré lọ bá ọmọ. Àwọn èrò ọ̀nà tó ti pé jọ ti di ẹsẹ̀ Sìdíkátù mú, wọ́n fẹ́ wọ́ ọ jáde. Ẹnìkan ti gbé omi tútù dání.

"Ẹ má fà á, ọrùn ń dùn ún. Ẹ má bomi sí i lẹ́nu. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ pe àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó." Ó rọra fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbé orí ọmọ rẹ̀ ró.

Kò tíì mí kanlẹ̀ tí lọ́ọ̀rì onípákó fi ń bọ̀ lẹ́yìn kọ́nà. Dẹ́rẹ́bà rí ewé, ó rí bàbá onífìlà funfun tó ń fi ẹ̀ka. Ó tẹ búrékì. Táyà ké, lọ́ọ̀rì yọ̀, ó yọ̀, ó dúró sórí ewé tó gbẹ̀yìn.

Bàbá Sùmọ́nù ló kọ́kọ́ ní, "Aláhù Akbar." Ni gbogbo ọ̀nà bá gbà á.

Kò sí ọmọ tó kú. Wọ́n fi ohun tí kò jẹ́ kí ọrùn mì de Sìdíkátù lọ́rùn fúngbà díẹ̀; lónìí, òun ló ń sáré ṣíwájú ìyá ẹ̀ lọ sí ilé-kéú. Nígbà tí wọ́n gbé mọ́tò kúrò, Bàbá Sùmọ́nù pe ọkùnrin tó bú Ráfátù: "Ìwọ olóhùn ewúrẹ́, máa bọ̀. Ìsinsìnyí ni ewé di ìnira." Àwọn méjèèjì ṣà á tán pátápátá.

Kí Ọlọ́run Ọba fún wa ní àánú tó ní ọgbọ́n nínú. Kí ó má fi ọmọ wa dán wa wò. Bí ìdánwò bá sì dé, kí ó jẹ́ ká mọ ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ ṣe. Àmín.