Ọmọ Tí Wọ́n Bò Lójú Nínú Ọkọ̀ Abẹ́òkúta

Ìlà kejì ni mo máa ń jókòó sí nínú bọ́ọ̀sì, nítorí pé kò sí lórí táyà, ibẹ̀ ni mo sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ màmá àgbà kan àti ìyá ọmọ kan láàárọ̀ ọjọ́ tí a ń ti Ìlaròó lọ sí Abẹ́òkúta.

"Kí ló dé tó o fi ìborùn bo ọmọ lójú?"

"Kó lè sùn ni, Mà. Ó máa ń bì nínú ọkọ̀. Lọ́jọ́sí, Pápáláǹtò la ti sọ̀ kalẹ̀ tá a padà sílé. Bàbá ẹ̀ dúró dè wá ní gáréèjì Abẹ́òkúta títí ilẹ̀ fi ṣú. Tòní, mi ò tiẹ̀ sọ fún wọn pé à ń bọ̀."

"Ìwọ náà, tí wọ́n bá bò ẹ́ lójú, tí wọ́n wá ń jọ̀ ẹ́ bí ẹni ń jọ gàrí, ṣé o ò ní bì? Ká a kúrò. Ẹni tó ń rí ọ̀nà ló ń rìnrìn àjò. Ẹni tí wọ́n bò lójú, ẹrù ni."

Mo ti ka oríṣiríṣi nǹkan nípa èébì inú ọkọ̀, n kò rí èyí tó yé mi tó báyẹn. Mo fi ẹ̀gbẹ́ fèrèsé sílẹ̀ fún wọn.

"Mọ́mì, ewúrẹ́."

"Mo rí i."

"Mọ́mì, kọ́sítọ́ọ̀mù."

"Juwọ́ sí wọn."

Nígbà tí a kọjá Pápáláǹtò, ìyá ọmọ yọ fóònù jáde.

"Ẹ wá pàdé wa ní gáréèjì," ló wí. "Ọmọ yín ń wo ọ̀nà."