Ọ̀rọ̀ Dókítà Tí Mo Gbọ́ Ní Ìlàjì

Ẹ bá mi yin Olúwa, ẹ̀yin ará! Ẹ yìn ín kí ẹ tó gbọ́ ìdí rẹ̀! Ẹni tí à bá ti sin ló jókòó sórí bẹ́ńṣì kẹta yẹn, tó ń wo ilẹ̀ nítorí pé ojú ń tì í. Tólú, gbé orí sókè. Ìtìjú kì í pa ènìyàn. Ohun tó fẹ́ pa ọ́ ni mo dúró láti sọ.

Ọjọ́ Àìkú ni, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Òjò ti ń fọ́n láti àárọ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Ojú ọ̀run ṣì dúdú, ilẹ̀ àgbàlá wa ní Akpakpa sì rin gbindin. Sẹ́mìjàn kan wọlé, ìyẹn ọ̀kadà tí à ń gùn káàkiri ìlú yìí. Ọmọ mi wà láàárín awakọ̀ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Boris. Orí rẹ̀ gbé kọ́ ẹ̀yìn awakọ̀. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ní bàtà.

Mo sáré, mo bi Boris pé, “Kí ló ṣe é?”

Ó wo ilẹ̀. “Oòrùn ni, Màmá. Oòrùn ló pa á.”

Oòrùn! Lọ́jọ́ tí òjò ń fọ́n! Kí n tó yíjú padà, Boris ti lọ.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà bó ti yẹ, kí ó má ba à yé ẹnikẹ́ni sódì. Aránṣọ ni mí, ará Ṣakí. Láti ìgbà tí bàbá Tólú ti kú ni mo ti ń lọ sí kíláàsì alẹ́ láti kọ́ Faransé, nítorí pé ní ìlú yìí, ẹni tí kò gbọ́ Faransé, ẹlòmíràn ní í máa gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún un. N kò yára, ṣùgbọ́n ohun tí mo bá kọ́, mo ti kọ́ ọ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣáájú, èsì BAC, ìdánwò àṣekágbá ilé ẹ̀kọ́ gíráámà, jáde. Tólú yege! Nínú ìdílé bàbá rẹ̀ àti nínú tèmi, òun ni ẹni àkọ́kọ́. Ògo ni fún Ẹni tó gbọ́ àdúrà opó! Ṣùgbọ́n nínú àgbàlá kan náà, Romaric, ọmọ aládùúgbò wa Tanti Afiavi, kò yege. Ọmọ méjì, àgbàlá kan: ọ̀kan ń jó, ọ̀kan ti ilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀.

Ọmọ Àjàṣẹ́ ni Tanti Afiavi, ó sì gbọ́ Yorùbá ju bí mo ṣe gbọ́ Faransé lọ. Láti ìgbà tí a ti jà lórí okùn tí à ń sá aṣọ sí, a kì í kí ara wa dénú. Kí wá ló dé tí obìnrin yìí fi gbé abọ́ ìrẹsì àti ẹja díndín wá fún ọmọ mi láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú náà? Ó ní, “Tólú, ọkọ mi, jẹun kí orí rẹ tún gbé ọ ga sí i.” Mo wo ẹnu rẹ̀. Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Mo wo ẹja náà pàápàá. Ẹja kò sọ nǹkan kan.

Tólú jẹ ìdajì, ó dé ìyókù. Lẹ́yìn náà ló ní òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ń lọ sí etí òkun ní Fidjrossè.

“Kí ni ẹ fẹ́ mu níbẹ̀?”

“Màámi, súkúrérì ni.”

Bí wọ́n ṣe ń pe ọtí ẹlẹ́rìndòdò níhìn-ín nìyẹn. Ọkàn mi balẹ̀. Súkúrérì kò pa ènìyàn rí.

Ó dára. Nígbà tí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí sẹ́mìjàn, ara rẹ̀ tutù bí ẹja inú yìnyín. Ó ń mí gbùrù-gbùrù, á dákẹ́, á tún mí. Aṣọ rẹ̀ rin fún omi òkun. Òórùn kan sì ń ti ẹnu rẹ̀ jáde, òórùn egbò igi, bí àgbo. Ta ló fún ọmọ mi ní àgbo? Ojú mi lọ tààrà sí abọ́ ìrẹsì.

A gbé e dé ilé ìwòsàn. Dókítà ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀, ó tan iná sí i, ó sì sọ gbólóhùn gígùn kan fún nọ́ọ̀sì. Nínú gbólóhùn náà, ọ̀rọ̀ kan ni mo mọ̀: «intoxication». Mo mọ̀ ọ́n dájú! Olùkọ́ wa ti fi kọ́ wa nígbà tó ń sọ ti àwọn tó jẹ ẹja tó bàjẹ́. Ó ní, “Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé májèlé wọ ara.” Mo ti há a sórí. Ẹ̀yin ará, ẹ̀kọ́ tí mo fi òru kọ́ ló fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ mi.

Dókítà kọjú sí mi: «Maman, il boit?» Ó ń béèrè bóyá ọmọ náà ń mu.

Mo fara balẹ̀ to gírámà mi. «Oui, docteur. Il boit de l'eau.» Omi ló ń mu.

Nọ́ọ̀sì yíjú sí ògiri. Dókítà tún béèrè. Mo ní súkúrérì ni. Ó béèrè lẹ́ẹ̀kẹta, mo sì sọ ohun tó wà lọ́kàn mi fún un: ìrẹsì ni, ẹja ni, aládùúgbò ni. Ó mi orí, ó ní kì í ṣe ìrẹsì. Mo wí nínú ara mi pé: kí ló dé tí ọkùnrin yìí kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìrẹsì? Ta ló mọ̀ ọ́n? Ṣé ará Àjàṣẹ́ ni òun náà?

Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Àkànní, tí ń ta táyà ní Sèmè, tí mo ti sọ ìfura mi fún lórí fóònù, wọlé dé. Ó ti kọ́kọ́ gba ilé wa kọjá. Ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà Tanti Afiavi, ó ti pè é ní apànìyàn lójú gbogbo àgbàlá, ó sì ti gbé abọ́ ìrẹsì náà dání. Ó tì í sábẹ́ ibùsùn. “Ẹ̀rí nìyí. Ọlọ́pàá yóò béèrè rẹ̀.” Lẹ́yìn náà ló fa ìgò epo pupa yọ lábẹ́ agbádá. “Àbúrò mi, dókítà kò mọ májèlé ilé. Omi ni wọ́n á máa fà sí i lára títí ọmọ á fi lọ. Epo ló ń pa májèlé. Gbé orí rẹ̀ sókè.”

Nọ́ọ̀sì ti lọ sí yàrá kejì. Mo gbé orí ọmọ mi lé apá mi. Mo la ẹnu rẹ̀. Bọ̀dá mi ṣí ìdérí ìgò. Áà! Ikú dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, èmi tí mo bí i sì ni mo ń ṣílẹ̀kùn fún un!

“Ìyá Tólú!”

Tanti Afiavi ni. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. “Èmi ni apànìyàn?”

“Jáde níbí!” ni Bọ̀dá mi wí.

“N kò jáde. Ìrẹsì mi dà?”

Ó rí abọ́ náà. Ó fà á yọ, ó ṣí i, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ó jẹ ìrẹsì. Ó jẹ ẹja. Ó fá eegun ẹja mọ́ tónítóní. “Ó ti tutù,” ni ó wí, “iyọ̀ rẹ̀ sì kéré, ṣùgbọ́n májèlé kò sí níbẹ̀. Bọ̀dá, ẹ máa wò mí o. Tí mo bá kú, ẹ gbé mi dé Àjàṣẹ́. Tí n kò bá kú, ẹ̀yin ni ẹ ó fọ abọ́ mi.”

Ẹ má rẹ́rìn-ín mi, ẹ̀yin ará. Nígbà tó ń jẹ ẹ́ náà, mo ṣì ń wò ó bóyá yóò yọ́ lọ bì í.

Ariwo náà ló pe nọ́ọ̀sì padà. Ó rí ìgò, ó já a gbà. Ó sọ̀rọ̀ kíákíá, Faransé pẹ̀lú Gùn, èdè àwọn ará Àjàṣẹ́, Tanti Afiavi sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa: “Ó ní ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ kò lè gbé nǹkan mì. Ó ní inú ẹ̀dọ̀fóró ni epo yìí ìbá gbà lọ. Ó ní ẹ̀yin ni ẹ̀ bá pa á.”

“Ṣùgbọ́n dókítà fúnra rẹ̀ ló ní májèlé ni! Intoxication!”

Nọ́ọ̀sì wò mí tìyanu-tìyanu. «Intoxication alcoolique, maman. Al-co-o-lique!»

Ọ̀rọ̀ kejì wà! Orí ni mo gbọ́, n kò gbọ́ ìrù.

“Ọtí, Ìyá Tólú,” ni Tanti wí. “Ọtí ló di májèlé sí i lára. Ṣé imú yín dí ni? Sódábì elégbò ni gbogbo yàrá yìí ń rùn.” Sódábì, èyí tí à ń pè ní ògógóró nílé, tí wọ́n rẹ egbò igi sínú rẹ̀. Àgbo tí mo gbọ́ òórùn rẹ̀ nìyẹn.

Tanti pe Romaric lórí fóònù, ó ní kó lọ wá Boris ní ojúlé kejì. Ẹkún ni Boris fi dá wa lóhùn. “Màmá, ẹ má bínú. Ife sódábì kan ni fún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹnì kan bá yege nínú BAC. Tólú ló yege jù. A lú u mọ́ súkúrérì kó má ta á lọ́fun. Nígbà tó sùn, a gbé e sínú òkun kó lè jí.”

Ẹ gbọ́? Súkúrérì náà kúkú ni. Ọmọ mi kò purọ́ tán.

Dókítà gbọ́ iye tó mu. Ó ní, “Ohun tí mo ti ń béèrè láti ìgbà tí ẹ ti dé nìyí.” Ó ṣàlàyé pé ọtí ti fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, pé òtútù òkun ti bá a dé egungun, àti pé ẹni tó bá wà báyìí, tó bá bì nígbà tó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, èébì rẹ̀ lè dí i lọ́fun. Wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, wọ́n fa omi ṣúgà sí i lára, wọ́n kó aṣọ bò ó. Èmi kò lè gbàdúrà. Orúkọ Jésù nìkan ló wà lẹ́nu mi. Tanti Afiavi jókòó tì mí títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ó jí! Ẹ bá mi pariwo, ó jí! Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ó la ojú, ó ní, “Màámi, ebi ń pa mí. Ìrẹsì mi ńkọ́?”

“Ó ti tán, ọkọ mi,” ni Tanti wí. “Mo ti jẹ ẹ̀rí ẹjọ́.”

Ọlọ́run, ẹ ṣé! Ẹ ṣé tí ẹ lo ẹnu obìnrin tí mo ń fura sí! Ẹ ṣé tí ẹ di ọwọ́ èmi fúnra mi mú!

Ẹ̀yin òbí, ìfura ni oògùn àgbà, n kò ní ká má fura. Èmi fura sí ìrẹsì, mo fura sí ẹja, mo fura sí dókítà. Ohun tó wà nínú ife nìkan ni n kò fura sí. Ẹ gbọ́ òórùn ẹnu ọmọ yín kí ẹ tó wo ẹnu ọ̀nà aládùúgbò.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, Tólú kì í ṣe ọ̀mùtí. Ọ̀sán kan ṣoṣo ni. Ọtí tí a dà sọ́fun bí ẹni ń sáré ìje kì í béèrè bóyá ìwà rẹ dára tàbí pé o mọ̀wé. Tí ọ̀rẹ́ yín bá mu, tó sùn, tí ẹ jí i tí kò jí, ẹ má gbé e sínú omi, ẹ má rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu, ẹ má sì sá. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, kí ẹ sì sọ òtítọ́. Ìbínú òbí yóò rọ̀. Ikú kì í rọ̀.

Ìwọ tó jókòó síbí pẹ̀lú wàhálà lọ́kàn rẹ, tí ọmọ rẹ ń jáde tí o kò mọ ibi tó ń lọ, Ẹni tó ṣe tèmi kò tíì rẹ̀. Ké pè é. Kí o sì béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀.

Láti ọjọ́ náà, Tólú kì í mu ọtí. Èmi kì í sì í dá dókítà lóhùn mọ́ láìjẹ́ pé ó tún gbólóhùn rẹ̀ sọ fún mi dé òpin.