Ìlà Márùn-ún Tí Mo Pa Rẹ́

Ẹni tó bá ń ka ìwé yìí, jọ̀ọ́, má kánjú dá mi láre. Èmi ni Qamardeen Ajíbóyè, ọmọ Ẹ̀pẹ́, tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀ sí olùkọ́ kọ̀ǹpútà ní Lásùnwọ̀n. Ọdún mẹ́fà ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ kan pamọ́ sínú, tí mò ń kírun, tí mò ń gbààwẹ̀, tí ẹ ń pè mí ní ọmọlúàbí. Lónìí mo fẹ́ sọ ọ́ síta, n kò sì ní fi ohunkóhun bò nínú rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ kan wà ní Industrial Estate ní Ìkòròdú, tó ń ṣe ọ̀rá tí wọ́n ń rọ omi sí. Èmi ni mo kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ wọn. Ẹ mọ bí iná wa ṣe máa ń ṣe, ó lè lọ kó sì dé nígbà mẹ́wàá lójúmọ́. Bí mo ṣe kọ́kọ́ kọ ètò náà, bí iná bá lọ tó sì dé, ẹ̀rọ kò ní yí àfi tí ẹni tó wà nídìí rẹ̀ bá tẹ bọ́tìnì. Ọ̀gá wa, Abọ́dúnrìn, kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Qamar, àsìkò wa ń ṣòfò. Jẹ́ kó máa bá iṣẹ́ lọ fúnra rẹ̀ bí iná bá ti dé." Mo ní kò burú. Mo kọ apá tuntun kan sí i, mo sọ ọ́ ní ina_de, mo sì yọ ìdúró yẹn kúrò. Orí bátìrì ni kọ̀ǹpútà wà, kì í kú, nítorí náà ó máa ń mọ ibi tí iṣẹ́ dé. Inú mi dùn sí ọgbọ́n tí mo dá. Ṣùgbọ́n n kò sọ̀kalẹ̀ lọ sọ fún àwọn tó ń fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Mo rò pé ọ̀gá á sọ fún wọn. Irọ́ nìyẹn náà. N kò rò ó rárá.

Àwọn òṣìṣẹ́ sì ní àṣà kan. Bí iná bá ti lọ, tí gbogbo ilé dákẹ́, ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n máa ń ki ọwọ́ bọ àárín rólà láti fa ọ̀rá tó bá lọ́ mọ́ra jáde. Lójú tiwọn, kò sí àsìkò tó fọkàn ẹni balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Èmi náà ti rí wọn lẹ́nu rẹ̀ ju ìgbà ogún lọ.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ tí ètò tuntun náà kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, iná lọ. Fúnmbí Adéyọ̀sí ki ọwọ́ ọ̀tún bọ àárín rólà. Nehemiah Ògúndípẹ̀, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ló dúró nídìí bọ́tìnì. Ọmọ abúlé kan náà ni wọ́n, ọmọ àwọn apẹja Ìlàjẹ tó tẹ̀dó sétí ọ̀sà, ìgbéyàwó wọn sì ku oṣù méjì. Iná dé, ẹ̀rọ yí. Láti òkè ni mo ti gbọ́ igbe Fúnmbí. Nehemiah tẹ bọ́tìnì ìdádúró títí, ètò mi ti ta kú, kò dá a lóhùn. Ìgbà tó sáré lọ pa iná lára ògiri ni rólà tó dúró. Ìka méjì ti lọ.

Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, ọ̀gá ní kí n wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ètò náà ṣì ta kú síbẹ̀, gbogbo ohun tó ń ṣe kó tó kọsẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Mo ṣí ojú dúdú tí a máa ń tẹ àṣẹ sí, mo so gdb mọ́ ọn, irinṣẹ́ tí àwa tó ń kọ ètò fi ń yẹ inú ètò wò. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bí apá kan ètò bá pe apá mìíràn sí iṣẹ́, kọ̀ǹpútà á fi fréèmù kan lélẹ̀ fún un. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ á wà nísàlẹ̀, èyí tí wọ́n pè kẹ́yìn á wà lókè, bí abọ́ tí wọ́n tò léra. Ẹni tó bá kà wọ́n á mọ ẹni tó rán ẹni níṣẹ́. Mo tẹ bt, àṣẹ tó ń to fréèmù wọ̀nyẹn síta, ìlà márùn-ún jáde. Lókè pátápátá, ètò ń dúró de ìdáhùn mọ́tò tí kò wá. Lábẹ́ rẹ̀ ni yi_moto, lẹ́yìn náà tesiwaju, lẹ́yìn náà ina_de, main sì wà nísàlẹ̀. Bó bá jẹ́ Nehemiah ló tẹ bọ́tìnì, botini, apá tí bọ́tìnì ń pè, ni ìbá wà níbi tí ina_de wà. Mo tún wọn kà. Mo tẹ frame 3, nítorí láti orí òdo ni wọ́n ti ń kà á, kí n lè wo inú ina_de, mo sì tẹ info locals kí n rí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lásìkò náà. Ó kọ ọ́ gbangba fún mi: duro = 0, pé kí ẹ̀rọ má dúró de ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi tẹ òdo yẹn.

Ọ̀gá Abọ́dúnrìn dúró lẹ́yìn mi. "Kí ló wí?" Mo fi hàn án. Ó ní, "Bí èyí bá jáde, wọ́n á ti ibí pa, ìwọ ni wọ́n á sì kọ́kọ́ mú. Ṣebí ọmọ yẹn ló wà nídìí bọ́tìnì? Kọ ohun tó yẹ kí o kọ." N kò ní di ẹ̀bi ru ọ̀gá. Kò di ọwọ́ mi mú. Mo tẹ kill. Irinṣẹ́ náà pàápàá bi mí bóyá kó pa á lóòótọ́. Mo tẹ y, pé bẹ́ẹ̀ ni, ìlà márùn-ún náà sì parẹ́. Mo wá jókòó kọ ìwé ìròyìn ojú ìwé kan, pé Nehemiah tẹ bọ́tìnì kí Fúnmbí tó yọwọ́.

Síbẹ̀, ìyẹn kọ́ ló burú jù. Lọ́jọ́ kejì Nehemiah wá bá mi, aṣọ iṣẹ́ àná ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, n kò rántí pé mo tẹ bọ́tìnì tó ń yí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ mọ ìwé ẹ̀rọ yìí. Bí ẹ bá ní èmi ni, màá gbà." Mo wo ojú rẹ̀. Mo ní, "Ìwọ ni. Mo rí i nínú kọ̀ǹpútà." Háà, èmi yìí! Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó ń wò wọ́n. Ó gbà mí gbọ́. Láti ọ̀dọ̀ mi ló lọ dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Fúnmbí, tó jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe. Wọ́n lé e níbi iṣẹ́. Àwọn ará ilé Fúnmbí dá ẹrù ìdána padà. Nehemiah gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ lọ, ó ń pẹja.

Oṣù tó kọjá, mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ka fréèmù. Ọ̀kan nínú wọn, Humairah, nawọ́ sókè. "Sà, ṣé ẹ ti kà á rí kí ẹ rí i pé ẹ̀yin gan-an lẹ fà á?" Mo ní kí wọ́n máa lọ ilé, mo sì jókòó sunkún bí ọmọdé.

Mo lọ sí Ìbẹṣẹ, níbi tí Fúnmbí ti ń ta òwú àwọ̀n. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìkúnlẹ̀. Kò bú mi. Ó ń fi ìka mẹ́ta ká òwú lọ títí mo fi parí. Ó wá ní, "Ọ̀gá kọ̀ǹpútà, ṣé ẹ mọ̀ pé gbogbo Kérésìmesì ni Nehemiah máa ń kọ tẹ́ẹ̀sì sí mi, pé kí n jọ̀wọ́ dárí ji òun? Ọdún mẹ́fà, n kò fèsì rí." Òwú bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ má bẹ̀ mí lẹ́nu lásán. Inú ìwé lẹ ti pa á, ẹ lọ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ fi orúkọ yín sí i."

Ìwé náà rèé. Ẹ̀dà kan ti dé ilé iṣẹ́ yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ wá mú mi, wọ́n mọ ilé mi. Humairah, ìdáhùn rẹ nìyí: mo kà á rí, èmi sì ni. Ọjọ́ tí ìwọ náà bá rí orúkọ ara rẹ níbẹ̀, pe ènìyàn wá wò ó kí ọwọ́ rẹ tó dé orí y.

Nehemiah, àbúrò mi, mo ka ìlà márùn-ún náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. O kò tẹ bọ́tìnì tó ń yí ẹ̀rọ. Bí o bá lè forí jì mí, mo bẹ̀ ọ́. Bí o kò bá lè ṣe é, mo gbà. Ṣùgbọ́n ní Kérésìmesì tó ń bọ̀ yìí, má bẹ Fúnmbí mọ́.