Èmi Ni Mo Fi Ìran Èké Dá Iṣẹ́ Ọsibítù Sójà Dúró

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣépè fún mi. Ẹ jẹ́ kí n rojọ́ tán ná. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi dá iṣẹ́ ọsibítù dúró lágbègbè wa, ní ìhà Odígbó níbí. Kò sẹ́ni tó mọ̀, ọkọ mi gan-an kò mọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbé e mì. Ǹ bá tún máa gbé e mì lọ, àmọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni wọ́n ní kí n wá sọ ohun tí Ẹ̀mí wí lórí ọ̀rọ̀ kan náà.

Aríran ni mí nínú ìjọ Aládùúrà kan. Bí ara mi bá ti ń mì, tí mo ké, gbogbo ìjọ á dojú bolẹ̀. Ẹ wo àwọn àgbààgbà onírùngbọ̀n, tí wọ́n á máa gbọ̀n nítorí obìnrin tó bá ọkọ rẹ̀ jà lórí iyọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn. Ara mi ni mi ò tètè fi kún un.

Ọsibítù Sójà là ń pè é. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé ni wọ́n kó àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ síbẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì wọn a máa tọ́jú àwa ará oko náà. Àwọn ló gbẹ̀bí àbíkẹ́yìn mi. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, tí owó epo ń ya wọ̀lú, ìjọba ní àwọn fẹ́ sọ ọ́ di ọsibítù ńlá. Wọ́n kó àwọn sójà tó kù lọ, wọ́n ṣí páànù, wọ́n wó ògiri, wọ́n gbéṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe kan láti Èkó.

Ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi kún un gba àárín kòkó wa kọjá. Àjèjì ni wá, láti ìhà Ìkìrun la ti wá dáko, ìṣákọ́lẹ̀ là ń san. Ọkọ mi lọ bá bàbá onílẹ̀, ó béèrè pé kí ni ti kòkó wa. Bàbá náà ò tilẹ̀ gbójú sókè nídìí oúnjẹ tó ń jẹ. "Ulẹ̀ mi ni," ó ní, ilẹ̀ òun ni. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Kòkó ọ̀hún sì ti so, ó ku díẹ̀ kó pọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Mi ò fẹ́ ba ọsibítù jẹ́. Ká kó kòkó yẹn tán ni mo fẹ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, mo ṣubú lulẹ̀ láàárín ìsìn, mo ké, mo ní mo rí àwọn sójà tó kú síbẹ̀, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ti ọkọ́ bọ ilẹ̀ àwọn títí àwọn yóò fi tún ránṣẹ́. Irọ́ ni. Èso kòkó nìkan ni mo rí.

Ọmọ ìjọ wa ni ọ̀pọ̀ lébìrà tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ìròyìn ti dé Omifúnfun, ó ti dé gáréèjì Òrè. Kò sẹ́ni tó gbé ṣọ́bìrì. Mo rò pé agbaṣẹ́ṣe yóò wá wọ́ mi jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wá lóòótọ́, pẹ̀lú mọ́tò gbọ̀ọ̀rọ̀ àti agbádá léèsì, àmọ́ ńṣe ló dọ̀bálẹ̀.

"Ìyá, ẹ ṣeun," ó ní. "Ẹ bá mi gbàdúrà, kí ẹ̀mí burúkú ibí yìí má tẹ̀lé mi dé Èkó."

Mo gbàdúrà fún un. Àmín rẹ̀ ga ju ti gbogbo ìjọ lọ. Ó ti gbowó iṣẹ́ sápò, àwáwí ló ń wá tẹ́lẹ̀, olè paraku, èmi ni mo sì bá a wá a. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ti kó ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré, ó kó pákó, ó kó irin, ó lọ ráúráú. Àwọn ọ̀gá ìjọba láti Àkúrẹ́ náà dé, àwọn tó kàwé dé òkè òkun. Wọ́n dúró ti mọ́tò wọn, wọ́n wo igbó, wọ́n ní bí ilẹ̀ ò bá ti gbà, kò gbà nìyẹn. Àwọn náà! Ẹ bá mi pòṣé.

A kó kòkó wa. Ọkọ mi kan páànù tuntun sórí ilé. Mo wá ń retí kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, kí n lè rí ìran mìíràn. Kò sẹ́ni tó padà. Wọ́n ní ẹyin lohùn. Tèmi ti fọ́, kò ṣe é kó. Igbó bo ìpìlẹ̀. Àpósítélì wa ri àgbélébùú mọ́bẹ̀, ó sọ ọ́ di ilẹ̀ àdúrà, ó ń fi irọ́ mi ṣe ìwàásù lọ́dọọdún.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ Bọ́sẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ọmọ ìjọ wa ni ìyá rẹ̀, Àgọ́ Alààyè ló ti ń dáko. Bọ́sẹ̀ bímọ, ẹ̀jẹ̀ ò dá. Bó bá jẹ́ ti tẹ́lẹ̀ ni, Ọsibítù Sójà ni wọn ì bá sáré gbé e lọ, kò jìnnà. Alùpùpù ni wọ́n gbé e sí dé Òrè, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń wá mọ́tò, wọ́n forí lé Oǹdó. Ó kú kí wọ́n tó débẹ̀. Níbi ìsìnkú, Àpósítélì ní àmúwá Ọlọ́run ni. Ojú tì mí, inú mi bà jẹ́, mo sì ṣe àmín.

Ìjọba ti wá rán agbaṣẹ́ṣe mìíràn wá báyìí. Kò sí lébìrà tó fẹ́ fọwọ́ kan iṣẹ́, àfi bí mo bá béèrè lọ́wọ́ àwọn sójà. Ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní Ẹ̀mí ò ní jẹ́ kí oko wa lọ. Bí mo bá jẹ́wọ́, ó lè lé mi, ìjọ á sì bọ́ sùtánà lọ́rùn mi. Ọ̀nà tó rọrùn wà: kí n tún ṣubú lulẹ̀, kí n ní àwọn sójà ti gbà. Wọ́n á kọ́ ọsibítù, wọ́n á tún máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, àwọn òmùgọ̀, èmi tí mo burú ju gbogbo wọn lọ.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe nìyẹn. Àfi lánàá tí Ìyá Bọ́sẹ̀ wá bá mi nílé pẹ̀lú àbẹ́là àti ọsàn. Obìnrin tó lè bí mi kúnlẹ̀ fún mi.

"Ìyá Aríran, ẹ bá wa bẹ àwọn sójà," ó ní. "Kí wọ́n jẹ́ kí ìjọba kọ́ ọsibítù náà. Ẹ sọ fún wọn pé wọ́n ti gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ó tó."

Mo gbé e dìde. Mo gba àbẹ́là ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, kí ni kí n ṣe? Ṣé irọ́ kejì ni kí n pa, kí ọsibítù lè dìde, àbí kí n lọ sí Àgọ́ Alààyè, kí n kúnlẹ̀ níwájú obìnrin yẹn, kí n sọ fún un pé kò sí sójà kankan tó gba ọmọ rẹ̀, èmi ni?