Koríko Oníke Tó Bo Ọgbà Màmá

“Jókòó, ọmọ mi. Bí o bá mú ajá yìí lọ lónìí láìgbọ́ òtítọ́, òtítọ́ náà ni yóò pa mí, kì í ṣe àìsàn ọkàn tí dókítà ń wí.”

Bí Dẹ́rẹ́bà ṣe dá ọmọ rẹ̀ obìnrin dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé nìyẹn. Ọkọ̀ akẹ́rù ló fi gbogbo agbára rẹ̀ wà kó tó fẹ̀yìn tì, orúkọ iṣẹ́ náà ló sì mọ́ gbogbo àdúgbò lẹ́nu. Okùn ajá wà lọ́wọ́ ọmọ náà. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú ló ti ń sọ pé òun kò fẹ́ fojú kan Jẹ́jẹ́ mọ́, ajá tó hú gbogbo òdòdó ìyá òun, tó fi ìbànújẹ́ sin ín dé ibojì. Ó ti rí ẹni tí yóò gbà á.

“Kì í ṣe Jẹ́jẹ́ ló hú òdòdó yẹn,” ni bàbá wí. “Èmi ni.”

“Ẹ sinmi, Bàbá. Ó ti rẹ̀ yín.”

“Kò rẹ̀ mí. Èmi ni, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì yìí. Ìyá rẹ ṣì wà láàyè nígbà náà.”

Ọmọ náà jókòó. Bàbá ò wo ojú rẹ̀. Àgbàlá ló ń wò, níbi tí koríko oníke, koríko àtọwọ́dá tí wọ́n fi ike ṣe, tẹ́ rẹrẹ sí, tó tutù yọ̀yọ̀ bí ẹni pé ó mu omi. Ó ní nígbà tí wọ́n gbé ìyá rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn, ilé yìí di aginjù fún òun. Bí òun bá sín, kò sẹ́ni tí yóò ní pẹ̀lẹ́. Bí òun bá ṣe àwàdà, ògiri ni yóò gbọ́ ọ. Jẹ́jẹ́ nìkan ló kù. Òjò sì ń rọ̀, ajá náà a máa kó ẹrẹ̀ inú ọgbà wọ orí ibùsùn.

“Ẹrẹ̀ yẹn ni mo fi ṣe àwíjàre. Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi. Òdòdó yẹn gan-an ni mi ò lè wò mọ́. Ó ń tanná bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe, ẹni tó ń bomi rin ín ò sì lè gbé ife omi. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi pé, ‘Bàbá, ẹ múra ọkàn yín sílẹ̀.’ Mo múra jù.”

Ó ránṣẹ́ pe ọkùnrin kan tó máa ń tẹ́ koríko oníke fún àwọn tó ní ajá. Ọkùnrin náà dúró níwájú ọgbà, ó ń mi orí.

“Bàbá, òdòdó wọ̀nyí mà lẹ́wà o. Ṣé ká ṣẹ́ díẹ̀ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri? Ta ló gbìn wọ́n?”

“Ìyàwó mi ni. Ó ti lọ.”

“Háà! Ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Ọlọ́run á tù yín nínú.”

Bàbá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, “Mo ṣe àmín, ọmọ mi. Mo gba ìkẹ́dùn òkú lórí obìnrin tó ń mí!”

Ó ní òun fúnra òun ló hú òdòdó náà, ó ní kí àjèjì má fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sí i kí ìtọ̀ ajá lè máa ṣàn lọ nísàlẹ̀, wọ́n fi yanrìn lé e, wọ́n gún un títí ó fi tẹ́jú, wọ́n wá tú koríko náà bí ẹní, wọ́n kan etí rẹ̀ níṣòó. Ọkùnrin náà da omi sí i, omi náà lọ wàì. Ó ní, “Ẹ rí i? Kò ní rùn, ẹsẹ̀ ajá yín ò sì ní dọ̀tí.” Jẹ́jẹ́ yí gbirigbiri lórí rẹ̀, Dẹ́rẹ́bà sì rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

Kò pẹ́ tí ilé ìwòsàn fi pè é pé ara ìyá ti yá díẹ̀, pé ilé ló ń béèrè, òdòdó rẹ̀ ló fẹ́ rí.

“Nígbà tí wọ́n gbé e wálé, mo fi àga onítáyà tì í dé ojú fèrèsé. Ó wò títí. Ó ní, ‘Dẹ́rẹ́bà mi, òdòdó mi dà?’ Ẹnu mi yára ju ọkàn mi lọ. Mo ní Jẹ́jẹ́ ló hú u, pé mo fi koríko bo ojú ilẹ̀ kó má bàa rí ihò. Ó sunkún, ó wá di ọwọ́ mi mú. Ó ní, ‘Ẹ ṣé o, ọkọ mi. Ẹ ò fẹ́ kí n rí i.’ Ó ní kí n má jẹ́ kí ajá náà wọlé wá bá òun mọ́.”

Orí ẹsẹ̀ ìyá ni Jẹ́jẹ́ máa ń sùn tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnu ilẹ̀kùn ló ń dùbúlẹ̀ sí, ó ń ha á, ó ń ké kúnú-kúnú.

Bàbá tún ní, “Nígbà tó kù díẹ̀ kó lọ, ó ní, ‘Ẹsẹ̀ mi tutù. Bí kì í bá ṣe ohun tí ajá yẹn ṣe ni, ǹ bá ní kí ẹ jẹ́ kó wọlé.’ Ọ̀rọ̀ náà dé eyín mi. Mo gbé e mì. Aṣọ ni mo fi wé ẹsẹ̀ rẹ̀, kò móoru, bẹ́ẹ̀ ló ṣe kú.”

Ọmọ náà bi í pé:

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún un?”

“Nítorí ó ti dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.”

Bàbá kúnlẹ̀, àgbàlagbà bíi tirẹ̀, níwájú ọmọ tó bí. “Bí ìdáríjì ò bá tọkàn rẹ wá, má fún mi. Ṣùgbọ́n má fi ẹ̀ṣẹ̀ mi jẹ ajá níyà.”

Ọmọ náà ò gbé e dìde. Ó fi okùn sílẹ̀ lórí àga, ó jáde sí àgbàlá, ó gbá Jẹ́jẹ́ mọ́ra, ó sì ń sọ̀rọ̀ sí i létí. Bàbá ò gbọ́ ohun tó wí. Ọmọ náà fi ajá sílẹ̀, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ. Ó máa ń pè lórí fóònù báyìí, a béèrè oògùn, a béèrè ajá. Kò tíì dárúkọ ìyá rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ tó bá ń kọjá lẹ́yìn ọgbà máa ń yin koríko náà, wọ́n a ní kí Bàbá fi ọ̀nà ẹni tó tẹ́ ẹ han àwọn. Bàbá a máa fi hàn wọ́n. Lẹ́yìn náà ni yóò bi wọ́n pé, “Ta ló ni ohun tó wà báyìí níbi tí ẹ fẹ́ tẹ́ ẹ sí? Ẹ bi í kí ẹ tó hú ewé kan. Bó bá wà lórí ibùsùn àìsàn, ẹ lọ bá a níbẹ̀. Bí kò bá lè sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ dúró dè é.”