Orúkọ Bàbá Mi Nínú Ìwé Université

Àlímá, nígbà tí agbára ọ̀dọ́ ṣì wà lára mi, tí mo lè gun kẹ̀kẹ́ láti Tchaourou dé Kíkà níbí… ìgbà Révolution nìyẹn, tí àwọn ológun ń ṣèjọba Benin wa yìí. Sún fóònù yẹn mọ́ mi, ọmọ ọmọ mi, ohùn mi kò ròkè mọ́. Ṣé ó ń gba ọ̀rọ̀ wa sílẹ̀? Ó dáa.

O ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lo máa lọ sí Ghana, pé ẹ̀yin ọmọ université láti ìlú púpọ̀ fẹ́ jọ jókòó sọ̀rọ̀ nípa bó ṣe yẹ kí wọ́n máa ṣèjọba. O ń rẹ́rìn-ín. Àbí o rò pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ṣe irú ìpàdé bẹ́ẹ̀? Èmi náà ti ṣe é rí. Ẹ̀rù rẹ̀ kò tíì kúrò lára mi títí dòní.

Lónìí ẹ̀ ń bú ìjọba lórí fóònù, ẹ sì ń sùn, ẹ̀ ń hanrun. Àwa? Camarade là ń pe ara wa. Tí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ìjọba, a máa kọ́kọ́ wo ẹni tó jókòó lẹ́yìn wa, bóyá amí ìjọba ni.

Èmi nìkan ni ọmọbìnrin tó ti Kíkà dé université nígbà náà. A ní professeur kan, ọkùnrin kúkúrú, tí awò ojú rẹ̀ kì í yé yọ̀. Ó máa ń sọ pé, “Ìlú tí kì í gbọ́ ti aládùúgbò rẹ̀, bí ẹni tó ń dá jẹun nínú òkùnkùn ni. Kò mọ̀ bóyá eṣinṣin wà nínú ọbẹ̀.” Òun ló pe àwọn ọmọ université Nàìjíríà, ti Togo, ti Niger, pé kí wọ́n wá sọ́dọ̀ wa. Kí oníkálùkù mú ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ ìlú rẹ̀ wá, ká wò ó bóyá òfin tí àwọn ìjọba wa ń ṣe bá oko mu.

Nígbà ìsinmi, ó rán wa lọ sílé láti gba ọ̀rọ̀ náà. Ó kìlọ̀ o! “Ẹ kọ ọ̀rọ̀ wọn. Ẹ má kọ orúkọ wọn.” Mo gbọ́. Mo dáhùn pé mo gbọ́.

Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ ilé wa. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ láwùjọ, á dìde, á pe orúkọ ara rẹ̀, á pe ti bàbá rẹ̀, á pe agbo ilé rẹ̀, kó tó sọ ohun tó fẹ́ sọ. Bàbá mi a máa ní, “Ọ̀rọ̀ tí kò lórúkọ, ọ̀rọ̀ olè ni.” Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń kọ ọ́ sínú cahier, orúkọ ló ń ṣáájú. Nígbà tí mo fẹ́ yọ orúkọ kúrò, ó ń ṣe mí bíi pé mò ń bẹ́ èèyàn lórí. Mo fi í sílẹ̀. Òmùgọ̀ ni mí… àbí ọmọ ilé mi ni mí?

Ọdún yẹn, wọ́n ní kí gbogbo abúlé dá oko ìjọba, ká máa lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bá mú. Ọjọ́ tí wọ́n mú, àsìkò ebè iṣu ni! Bàbá mi dìde, ó pe orúkọ rẹ̀ tán, ó ní, “Ẹni tó ṣe òfin yìí kò kọ ebè rí. Ṣé ilẹ̀ tó rọ̀ máa dúró dè wá ni? Kó wá bi wá, a ó sọ fún un.” Mo kọ gbogbo rẹ̀.

Ìpàdé náà dùn, mi ò ní purọ́. Professeur fọkàn tán mi, kò yẹ ìwé mi wò, wọ́n tẹ̀ ẹ́, ogójì ẹ̀dà, wọ́n pín in. Wọ́n ka ọ̀rọ̀ bàbá mi. Ọmọbìnrin Nàìjíríà kan, Fadéké, dìde, ó ní ní ọ̀dọ̀ tiwọn, ìgbà tí òjò ti lọ tán ni ìjọba ń kó ajílẹ̀ dé. Ará Togo ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni tiwọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí jiyàn: ta ló yẹ kí ìjọba bi kó tó ṣòfin? Ìlú mẹ́rin, ẹ gbọ́, ìlú mẹ́rin ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ Kíkà! Orí mi wú.

Ìgbà náà ni professeur wá sí etí mi. “Ta ló kọ orúkọ síbẹ̀?”

Inú mi bà jẹ́, Àlímá. Èmi àti Fadéké ń ti orí àga dé orí àga, à ń gba ìwé náà padà, à ń rẹ́rìn-ín ẹ̀tàn. A kà á. Mọ́kàndínlógójì. A tún un kà. Mọ́kàndínlógójì. Ẹyọ kan ti bá ẹnì kan jáde.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ́jọ́ kejì. Ní gbogbo ibùdókọ̀ tí ó bá dúró, màá yọjú lójú fèrèsé, màá wò ó bóyá wọ́n ń wá mi. Mo dé Tchaourou, mo yá kẹ̀kẹ́, mo dé ibí. Bàbá mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pọ́n ọkọ́. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Mo ní, “Bàbá, ẹ dákun, ẹ kọjá sọ́dọ̀ àwọn àbúrò yín ní Nàìjíríà, ààlà kò jìnnà.” Ó wò mí. “Ohun tí mo sọ náà lo kọ, àbí o fi kún un?” Mo ní mi ò fi kún un. Ó ní, “Kí ni màá wá sá fún?”

A retí. Ọjọ́ mẹ́fà. Bí alùpùpù bá dún lókèèrè, màá dìde. Ní ọjọ́ keje, jeep dé. Ọ̀gá kan na ìwé náà sí bàbá mi, délégué, aṣojú ìjọba ní abúlé wa, ń túmọ̀ Faransé rẹ̀: “Ṣé ìwọ lo sọ èyí?” Ó lè sẹ́. Kò mọ̀wé, ta ni ìbá já a nírọ́? Bàbá mi tún fìlà rẹ̀ ṣe. Ó pe orúkọ rẹ̀, ó pe ti bàbá rẹ̀, ó pe agbo ilé wa. Ó ní, “Èmi ni.” Wọ́n gbé e lọ.

Ọdún yẹn, ilẹ̀ rọ̀, ilẹ̀ tún le, kò sẹ́ni tó kọ ebè bàbá mi. Ìgbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ mú ni wọ́n tó dá a padà. Kò bú mi. Ìbá bú mi, ìbá sàn fún mi. Ọjọ́ tí àwùjọ tún pé, ó dìde, ó ní, “Ọ̀rọ̀ yìí…” Gbogbo èèyàn ń retí orúkọ. Kò pè é. Títí tó fi kú, kò pè é mọ́.

Nítorí náà, lọ, ọmọ mi. Ó dára kí ìlú máa gbọ́ ti ìlú, mi ò ní kó o má lọ. Ṣùgbọ́n kí o tó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni, bi í. Kó o sì ka ẹ̀dà ìwé rẹ kí ìpàdé tó tú.

Èyí tí mo ń sọ láti àárọ̀ yìí, kà á fún wọn ní Ghana. Ṣé o ti kíyè sí i pé mi ò pe orúkọ mi? Mi ò pe ti bàbá mi náà. Kọ ọ̀rọ̀ mi, má kọ orúkọ mi… Bàbá mi ìbá ní ọ̀rọ̀ olè ni. Pa fóònù yẹn.